Sí Àbẹ̀kẹ́, Nípa Abẹ́rẹ́ Àlàní

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Bàbá Àlàní ńkọ́? Òtútù yẹn ńkọ́? Láràárọ̀ ni mò ń wo ojú ọjọ́ Boston lórí fóònù kí n tó wo ti Ṣágámù níbí, bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ wọ kóòtù jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bo orí ọmọ yẹn.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. O ní ẹ ti sún abẹ́rẹ́ Àlàní síwájú, pé ẹ ṣì fẹ́ ronú sí i, pé ohun táwọn èèyàn ń gbé kiri lórí fóònù ń já ọ láyà. N ò pè ọ́ padà. Bí mo bá pè ọ́, a ó jiyàn, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wàá ní "Màámi, ẹ jẹ́ n pè yín padà," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. O ò lè já lẹ́tà lẹ́nu.

Mi ò bínú o. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn bà mí nígbà tí mo gbé ìwọ lọ gba ti àkọ́kọ́. Gbogbo àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, èmi ò lè la ẹnu. Nígbà tí nọ́ọ̀sì di itan rẹ mú, ojú ni mo dì. O ké lẹ́ẹ̀kan, o sùn lọ. Èmi ni mo gbọ̀n títí a fi délé.

O mọ̀ mí. Bí nǹkan bá ti dà mí lọ́kàn rú, àárín àwọn òkú ni mo máa ń lọ. Bàbá rẹ ní iṣẹ́ tíṣà ló bà mí jẹ́, pé mo mọ ọjọ́ tí àwọn ọba òyìnbó kú ju ọjọ́ ìbí òun lọ. Kò purọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó gbé ayé láàárín 1700 sí 1730 ni mo lọ bá. Ẹnì kan wà láàárín wọn tó gbé ìlú tí o wà yẹn, òun gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn ọba kọjá.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 1711, àrẹ̀mọ Louis Kẹrìnlá, ọba ilẹ̀ Faransé, kú. Ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà, Joseph Kìíní, ọba ńlá tó wà ní Vienna, kú, ẹni ọdún 32. Ogun wà láàárín ilé Faransé àti ilé Vienna nígbà náà, wọ́n ń pa ọmọ ogun ara wọn. Olóde wọ ààfin méjèèjì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò béèrè ẹni tó jàre.

Ní 1724, ó kan Luis Kìíní ti Spéènì. Inú oṣù kìíní ọdún yẹn ni bàbá rẹ̀ gbé adé lé e lórí. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọmọ ọdún 17. Bàbá tó ti fi adé sílẹ̀ ló tún padà wá dé e. Ní 1730, Peter Kejì ti Rọ́ṣíà, ọmọ ọdún 14. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an ló kú.

Ìgbóná, Olóde tí à ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná, ló pa gbogbo wọn. Wọ́n ní dókítà, wọ́n ní wúrà, wọ́n ní ìyá.

Má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní Abomey, nílẹ̀ Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, ìtàn wọn sọ pé ìgbóná ló pa Akaba ọba Dahomey, nígbà tí ó ń jagun ní ìhà odò Ouémé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn kan náà. Ìbejì ni Akaba. Wọ́n ní ìkejì rẹ̀ obìnrin, Hangbe, gbé ìhámọ́ra arákùnrin rẹ̀ wọ̀, ó sì ṣáájú àwọn ọmọ ogun, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ọba ti lọ. Lẹ́yìn náà ló mú ìlú dání fúngbà díẹ̀ kí Agaja tó gorí oyè. Bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn ọba Abomey, wọ́n sábà máa ń fo tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn á bí ọ nínú. Ó bí èmi náà nínú.

Olóde dé ilé tiwa náà. O kéré nígbà tí Ìyá Màkún, ìyá àgbà wa, kú, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé o rántí ojú wọn. Ìwọ lo máa ń jókòó sí itan wọn, tí wàá fi ìka kékeré rẹ tọ àwọn ihò ojú yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wàá máa béèrè ẹni tó gún wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ẹyẹ ló ṣá àwọn jẹ nígbà táwọn lọ lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. O gbà wọ́n gbọ́, débi pé o ò gbà kí adìyẹ súnmọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan nígbà tí Olóde wọ agbo ilé wọn ní Màkún. Òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Òun nìkan ló dìde. Wọ́n gbé àwọn méjì yòókù lọ sínú igbó, àwọn tó mọ awo rẹ̀ ló sin wọ́n, ilé ò tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀. Wọn ò sì gbọdọ̀ sunkún. Ìyá tó bí wọn ní láti tújú ká, kó sọ níwájú àwọn èèyàn pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóde.

Mo bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún tí mo lóyún rẹ, pé ṣé ìyá wọn ò sunkún rárá ni. Ewùrà ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n ń rin lọ́wọ́. Wọn ò gbé ojú sókè. Wọ́n ní ó sunkún, pé ìgbà tó bá ń lọ ata lórí ọlọ ló máa ń sunkún, kí àwọn èèyàn lè rò pé ata ni. Wọ́n ní ọdún yẹn, ilé àwọn jẹ ata púpọ̀.

Ìjọba ti fòfin de àwọn aláwo Ṣọ̀pọ̀ná nígbà yẹn. Dókítà Oguntola Sapara ní Èkó ló dọ́gbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ wọn, tó lọ fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń tan àrùn náà ká. Ṣùgbọ́n bí òfin Èkó ṣe máa ń pẹ́ lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, o mọ̀.

Ohun tí ojú wọn rí nínú yàrá yẹn ló jẹ́ kí Ìyá Màkún ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Mo ti wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní bíi 1968, ogun Biafra ṣì ń lọ. Wọ́n kó wa jáde sórí pápá. Àwọn èèyàn kan wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n mú ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ bí ìbọn, tó ń yin oògùn sí èèyàn lápá. Àwọn ọmọ ń sá. Àwọn ìyá kan ti wá kó ọmọ wọn gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ìyá Màkún pa ìsọ̀ obì wọn tì ní ọjà, wọ́n wá dúró sí ẹ̀bá pápá, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n dúró títí ó fi kàn mí, wọ́n rí i pé ó wọlé, wọ́n padà sídìí obì wọn.

Àpá rẹ̀ ló wà lápá òsì mi, tí o máa ń fi ọwọ́ pa nígbà tí o bá ń mu ọmú. Ní 1970 ni wọ́n rí ẹni tó ní ìgbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Nítorí náà ni ìwọ ò fi ní irú àpá yẹn. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mọ́.

Wàyí o, Boston rẹ.

Jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé: ọkọ̀ Mayflower, tí Tai Solarin fi orúkọ rẹ̀ sọ iléèwé rẹ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, etíkun ìpínlẹ̀ tí o wà yẹn ló gúnlẹ̀ sí ní 1620. Mo ti sọ ọ́ fún bàbá rẹ pé láti ọjọ́ tí a ti ra yúnifọ́ọ̀mù yẹn fún ọ lọmọ yìí ti ń lọ.

Ní 1706, ìjọ kan ní Boston ra ọkùnrin kan tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà, wọ́n fi ta pásítọ̀ wọn lọ́rẹ. Cotton Mather ni pásítọ̀ náà. Ó sọ ọkùnrin náà ní Onesimus, orúkọ ẹrú tí Pọ́ọ̀lù torí rẹ̀ kọ̀wé sí Filemoni. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ò sí nínú ìwé Mather.

Lọ́jọ́ kan Mather bi í bóyá ó ti ní ìgbóná rí. Onesimus ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tún ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ṣí apá rẹ̀, ó fi àpá kan hàn án. Ó ní nílùú òun, wọ́n máa ń mú díẹ̀ nínú omi ara ẹni tí ìgbóná ń ṣe, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni tí kò tíì mú, wọ́n á fi omi náà sí i. Onítọ̀hún á ṣàìsàn díẹ̀, ara rẹ̀ á yá, ìgbóná ò sì ní bá a jà mọ́ títí ayé rẹ̀. Mather lọ bi àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn nílùú, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún un. Ní 1716 ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé Royal Society ní London, níbi tí Isaac Newton ti jẹ́ olórí.

Wo bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹrú nínú ilé ìdáná Boston, tàbí ibi yòówù kí wọ́n dúró sí, dé iwájú àwọn Newton.

Ọdún 1716 yẹn náà ni Onesimus sanwó lórí ara rẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kó lọ. Wọ́n jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n wọn ò tú u sílẹ̀ tán: ó ṣì gbọ́dọ̀ máa wá ṣiṣẹ́ ilé fún Mather nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀, títí kan kó wá kó yìnyín. Ó bí ọmọ nílùú yẹn, ó sì sin ọmọ níbẹ̀. Ìgbà tí o fi fọ́tò ara rẹ ránṣẹ́, tí o mú ṣọ́bìrì dání níwájú ilé yín, òun ni mo rántí.

Mi ò ní sọ Mather di ẹni mímọ́ fún ọ. Ó ní ẹrú. Ìwé rẹ̀ sì wà lára ohun tó dáná sí ọ̀rọ̀ àjẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ pa èèyàn ní Salem ní 1692. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ ni. Ní oṣù kọkànlá 1713, èèyí wọ ilé rẹ̀. Ó pa ìyàwó rẹ̀. Ó pa ìbejì tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ó pa Jerusha, ọmọ ọdún méjì. Gbogbo rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àbẹ̀kẹ́, èèyí ni mo pè é. Ìgbóná ti lọ, èèyí ṣì wà láyé, ó ṣì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú bíi tiwa. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lára èyí tí wọn yóò fún Àlàní tó bá pé ọdún kan.

Ní oṣù kẹrin 1721, ọkọ̀ ogun kan tí wọ́n ń pè ní Seahorse ti Barbados dé Boston, ìgbóná sì bá a sọ̀kalẹ̀. Àwọn èèyàn ìlú ò ju nǹkan bíi 11,000 lọ. Ó mú 5,889 nínú wọn, ó pa 844.

Mather kọ̀wé sí àwọn dókítà pé ẹ gbìyànjú ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń sọ yìí. Zabdiel Boylston nìkan ló dáhùn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, ó sín in fún Thomas ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, fún ẹrú rẹ̀ tó ń jẹ́ Jack, àti fún ọmọ Jack tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìyá Thomas ni mo ń rò ju bàbá lọ. Ìyá ọmọ Jack náà, tí kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ó gbà.

Ìlú dàrú. Dókítà William Douglass ní ta ló máa torí ẹ̀rí aláwọ̀ dúdú fi ọmọ rẹ̀ wéwu, pé òpùrọ́ ni wọ́n. Ìwé ìròyìn tí James Franklin dá sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ń fi Mather àti Boylston ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù kọkànlá, ẹnì kan ju bọ́ǹbù gba ojú fèrèsé wọ ilé Mather. Ọlọ́run ló ṣe é tí kò fi bú.

Ibi tí mo ń lọ rè é, ọmọ mi. Nígbà yẹn, wọ́n ní ọgbọ́n ẹrú dúdú ni, àwọn ò ní fi sí ọmọ àwọn lára. Nísinsìnyí, àwọn tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ láti ilé wá ní ọgbọ́n òyìnbó ni, kí o má fi sí ọmọ rẹ lára. Ilé ta wá ni ọgbọ́n yìí ti jáde? Bí ẹnikẹ́ni bá máa bẹ̀rù rẹ̀ nílùú Boston, ọmọ aláwọ̀ dúdú kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ́.

Mi ò ní fi apá kan pamọ́ fún ọ. Àwọn tí wọ́n sín in fún lé ní 240, mẹ́fà nínú wọn kú. Ìgbóná gan-an ni wọ́n ń fi sí èèyàn lára nígbà náà, wọn ò ní nǹkan mìíràn. Láti 1796, tí Edward Jenner ti lo ti màlúù tó rọ̀ jù ú lọ, ni wọ́n ti ń tún un ṣe títí dé orí èyí tó wà nínú fíríìjì ilé ìwòsàn yín. Mather pàápàá lọ́ra. Ọmọ rẹ̀ Sammy ti Harvard dé, ẹ̀rù ń ba ọmọ náà, ẹ̀rù sì ń ba bàbá pé kí ni ìlú máa wí bó bá kú. Níkẹyìn wọ́n sín in fún un ní bòókẹ́lẹ́. Ara rẹ̀ gbóná gidigidi. Ó yè é.

Ọmọ ọdún 15 kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ James Franklin nígbà gbogbo wàhálà yìí. Àbúrò rẹ̀ ni, Benjamin. Ojú rẹ̀ ló wà lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là tí o fi ránṣẹ́ sí mi nígbà Kérésì. Benjamin dàgbà, ó gbà pé ohun náà dára. Síbẹ̀ ní 1736 ó ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin kan, Francis, tí kò tíì sín in fún. Wọ́n ń sún un síwájú. Ìgbóná pa ọmọ náà. Benjamin Franklin ti darúgbó nígbà tó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì tún mẹ́nu ba ọmọ yẹn níbẹ̀, ó ní ó ṣì ń dun òun, ó sì bẹ àwọn òbí tó bá ka ìwé náà.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Cotton Mather kú ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1728. Newton kú ní 1727, wọ́n sin ín sí Westminster Abbey pẹ̀lú ayẹyẹ. Bí o bá ní kí n sọ wákàtí tí àwọn ọba kan mí èémí ìkẹyìn, ìwé wà. Onesimus ò ní ọjọ́ ikú, kò ní sàréè tí a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí. Ní 1721 yẹn, Ṣágámù ò tíì sí. Màkún wà láàyè tirẹ̀, Ọ̀fìn wà láàyè tirẹ̀, Ìjàgbà, Ẹ̀pẹ́, Ìgbẹ̀pa, kóówá wọn nínú igbó tirẹ̀, títí di 1872 tí ìlú 13 fi kó ara wọn jọ nítorí ogun. Àwọn ìyá tó bí ìyá Ìyá Màkún wà nínú àwọn ìlú yẹn, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń ka ọmọ lálẹ́ kí wọ́n tó sùn. Kò sí ìwé tó gba orúkọ wọn. Àwa tí a ṣẹ́ kù ni ìwé wọn.

Mi ò fẹ́ gba ilé yín ṣe. Sọ fún bàbá Àlàní pé mo kí i gan-an, pé mo mọ̀ pé òun náà fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, kó má rò pé ìyá ìyàwó òun ti dé pẹ̀lú ẹjọ́. Ẹ jókòó pa pọ̀, ẹ kọ gbogbo ohun tó ń bà yín lẹ́rù sórí bébà, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà ọmọ náà. Ẹ bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kó kánjú fún yín. Bí o bá fẹ́ kí n wà lórí fóònù nígbà náà, màá wà níbẹ̀, màá sì dákẹ́. Bàbá rẹ ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń ka gbólóhùn yìí sí i létí.

Bí ara ọmọ bá gbóná díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, má pe gbogbo ayé. Bi nọ́ọ̀sì léèrè ohun tó yẹ kó o fún un kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Gbé e sáyà, jẹ́ kó mu ọmú dáadáa, má fi aṣọ dì í lójú torí pé òtútù ń mú ìwọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ní oṣù tó ń bọ̀ á gbé gààrí Ìjẹ̀bú wá fún ọ, àti ìyẹ̀fun ewùrà, àti ẹja gbígbẹ tí mo ti yan lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n má baà dá a dúró ní pápákọ̀ òfuurufú. Ata wà nínú ẹ̀, mo ti lọ̀ ọ́, mo sì sá a gbẹ.

Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ tún gbé e wá? Fi ọjọ́ náà àti aago rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, aago tiyín o, èmi á ṣírò rẹ̀ sí tiwa.

Èmi ni,
Màámi rẹ,
Ṣágámù.